Sí Àjàní, lórí ọ̀rọ̀ ọjà Sábó

Àjàní, ọkọ mi,

Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń pè ọ́ tí o kò gbé e. Mo kọ́kọ́ rò pé ara rẹ ni kò yá. Àṣé o ń gbé fọ́tò sórí WhatsApp ní gbogbo ìgbà yẹn, ìwọ àti máíkì lọ́wọ́, wọ́n kọ "Wòlíì Iná" sábẹ́ rẹ̀. Ta ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn? Èmi kọ́. Bàbá rẹ náà kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí ó tó kú.

Àlàáfíà la wà. Ewúrẹ́ àbúrò rẹ bí méjì, ọ̀kan kú. Òjò ti rí ibi gbà wọ yàrá ẹ̀yìn, mo gbé garawa sábẹ́ rẹ̀. Owó tí o ní o máa fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá kò dé, ṣùgbọ́n mi ò torí ẹ̀ kọ̀wé.

Obìnrin tó máa ń kó àgbọn lọ sí Ìkòròdú ló wá bá mi. Ó ní òun rí ọ ní ọjà Sábó. O dúró níwájú ìyá arúgbó kan tó ń ta ẹ̀fọ́, tó fi tẹ̀súbáà sọ́wọ́, o gbé megafóònù sẹ́nu, o ní iná ọ̀run ti ń dúró dè é, pé ewú orí rẹ̀ kò ní gbà á. Àwọn ọmọ tó tẹ̀ lé ọ ń pàtẹ́wọ́. Ó ní ìyá náà kò fèsì. Ó ṣí ìborùn èjìká rẹ̀, ó fi bo ẹ̀fọ́ náà, ó gbé e rù, ó ń lọ sílé. Lọ́sàn-án gangan, nígbà tí ọjà ń tà.

Ṣé òótọ́ ni? Bí irọ́ bá ni, pè mí lónìí kí n lè sùn.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé láti ọjọ́ yẹn lọ, bí ìyá yẹn bá gbọ́ orúkọ Jésù, ohùn rẹ ni yóò máa gbọ́. Bóyá aládùúgbò rẹ̀ kan ti ń fi sùúrù bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, o wá fi ìṣẹ́jú márùn-ún da gbogbo rẹ̀ nù. Mo mọ ohun tí o máa sọ. O máa ní iṣẹ́ Olúwa kò gba ojúsàájú. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Àgbádárìgì níbí lo dàgbà sí. O mọ ojú ibi tí igi Agia wà kí ó tó wó lọ́dún 1959, níbi tí Freeman míṣọ́nnárì ti wàásù lọ́dún 1842. Gbogbo àlejò ló mọ orúkọ Freeman. Nígbà tó gba Abẹ́òkúta lọ, William de Graft ló fi sílẹ̀ kó máa bá iṣẹ́ lọ níbí. Mélòó nínú àwọn tó ń ya fọ́tò níbẹ̀ ló gbọ́ orúkọ ìyẹn rí? Ó ṣiṣẹ́ rẹ̀ náà.

Àjàyí Crowther ńkọ́? Nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ ló fi wà nílùú yìí, láti 1845, torí ogun dí ọ̀nà Abẹ́òkúta. Nígbà tó débẹ̀ ní 1846, ó rí Àfàlá ìyá rẹ̀, tí kò fojú kàn láti 1821 tí wọ́n ti kó o lẹ́rú. Ọmọ ti di àlùfáà, ìyá kò tíì gbàgbọ́. Wọ́n dì mọ́ra wọn, wọ́n kàn jókòó tí wọ́n ń wo ara wọn, ọ̀rọ̀ kò fẹ́ jáde. Ọdún 1848 ni ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣèrìbọmi.

Èmi kò ní sùúrù ọdún méjì yẹn fún ìyá tèmi.

Mo máa ń sọ fún yín pé ìyá mi kú sínú ìbọ̀rìṣà torí ọkàn rẹ̀ le. Mi ò sọ ọ́ tán. Lọ́dún tí mo gba Jésù, mo wọ yàrá rẹ̀ nígbà tí kò sí nílé, mo gbé igbá funfun rẹ̀, mo lọ sọ ọ́ sínú ọ̀sà. Orin ni mo ń kọ bọ̀. Nígbà tó dé, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń retí kó bú mi kí n lè rí ibi bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Kò bú mi. Ó kúnlẹ̀, ó fi etí aṣọ nu ojú ibi tí igbá náà máa ń wà nílẹ̀, ibi tó rí roboto. Ó nù ún, ó tún nù ún. Ó wá bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ó lo ọdún mọ́kànlá láyé lẹ́yìn ìyẹn. Bí a bá ti dá orin àdúrà nílé, á dìde, á gbé àpótí rẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé. Mo ní Sátánì ló ń lé e. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé èmi ló ń sá fún.

Àjàní, ẹ̀bùn wà lára rẹ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́ nígbà tí o ka Sáàmù kẹtàlélógún lọ́jọ́ ìkórè tí mo sunkún. Ohùn yẹn ni mo fẹ́ kí ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ gbọ́. Pétérù ní bí ẹnìkan bá bi wá léèrè ìrètí wa, ká fi ọkàn tútù dá a lóhùn. Ìyá yẹn kò tilẹ̀ bi ọ́ ní nǹkan kan! Jésù bu omi sínú àwo, ó wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, Júdásì wà láàárín wọn. Ìwọ, ẹsẹ̀ ta lo ti wẹ̀?

Padà sí Sábó. Má mú megafóònù, má mú ẹnikẹ́ni tẹ̀ lé ọ. Dọ̀bálẹ̀ fún un, kí o bẹ̀ ẹ́. Ra ẹ̀fọ́, má ná an. Bí kò bá dá ọ lóhùn, tún lọ lọ́jọ́ kejì. Má wàásù. Mo ti fi ìgò àdín àgbọn méjì rán obìnrin alágbọn sí ọ, ọ̀kan jẹ́ tìrẹ, ìkejì jẹ́ ti ìyá náà. Sọ fún un pé ìyá rẹ ló ní kí o mú un wá.

Kí o tó lọ, pè mí. Garawa ti kún, mo fẹ́ lọ dà á nù.

Ìyá rẹ,
Àgbádárìgì