Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí kọfí wa fi ń gba ìṣẹ́jú márùn-ún

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìrìn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń gbèrò láti kọ ìwé yìí, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè sún un síwájú mọ́.

Ìyá kan wọlé sí ṣọ́ọ̀bù wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ Garáàjì Iléṣà, ní Àkúrẹ́ níbí, ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀. Gèlè búlúù ni wọ́n wé. Iléṣà ni wọ́n ń lọ. Ọmọ wọn obìnrin ló bímọ níbẹ̀, wọ́n fẹ́ lọ bá a wẹ ọmọ. Wọ́n ní ará àdúgbò àwọn kan ló júwe wa fún àwọn. Wọ́n san náírà 1,000, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n ń wò mí bí mo ti ń lọ hóró kọfí. Agbèrò ń ké lóde pé, "Iléṣà, ó ku ẹni mẹ́ta!" Ọkàn mi balẹ̀, torí ẹni mẹ́ta lè gba ogún ìṣẹ́jú láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Àfi bí àwọn mẹ́ta tó jọ ń lọ ṣe dé lẹ́ẹ̀kan náà. Omi àkọ́kọ́ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dà lé kọfí náà tí ariwo sọ pé ọkọ̀ ti kún. Ẹrù ìyá ti wà ní bùútù, wọn ò lè dúró. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, má bínú," wọ́n sì jáde. Nígbà tí n ó fi gbé ife sáré tẹ̀lé wọn, mọ́tò ti bọ́ sí títì. Mo dúró létí ọ̀nà pẹ̀lú ife tó ń rú èéfín lọ́wọ́ mi. Mi ò gbádùn gbogbo ọjọ́ yẹn.

Ọ̀pọ̀ yín ló ti bi mí, àwọn mìíràn sì ti bínú díẹ̀, pé kí ló dé tí kọfí tí à ń bù fún yín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tẹ́lẹ̀ fi wá di ohun tí ẹ ń dúró dè. Ẹ jàre. Ẹni tó fẹ́ wọkọ̀ kò ní ìṣẹ́jú márùn-ún tó fẹ́ fi ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ní 2022, fúláàsì ńlá méjì la ní. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo máa ń se kọfí náà pa pọ̀, tí màá rọ ọ́ sínú wọn, tí a ó sì máa bù ú tà títí di aago mẹ́wàá. Ó yá, kò sì sí ẹni tí ọkọ̀ fi sílẹ̀ nítorí wa. Ṣùgbọ́n kọfí kì í ṣe omi gbígbóná lásán. Bó bá ti pẹ́ nínú ooru, òórùn dídùn rẹ̀ á fò lọ, á wá ku ìkorò tó ń lẹ̀ mọ́ ahọ́n. Èyí tí ẹni tó bá dé ní aago mẹ́jọ ń mu nígbà náà kò yàtọ̀ sí àgbo. Mo máa ń rí i bí ẹ ṣe ń ju ṣúgà mẹ́rin, márùn-ún sínú ife kan, mo sì ń rò pé bí àwa ará Àkúrẹ́ ṣe fẹ́ràn adùn ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kọfí tí mo ń tà ni kò dára, ẹ sì ń fi ṣúgà bò ó kí ẹ lè rí i gbé mì.

Ìbàdàn ni ojú mi ti là. Lọ́dún tó kọjá, mo lọ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Móníyà lọ sí Èkó. Nítòsí ibẹ̀ ni mo ti rí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí kò fẹ̀ ju yàrá kan lọ: bẹ́ǹṣì mẹ́rin, sítóòfù gáàsì, ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Kò sí fúláàsì. Ẹni tó bá dé, ọmọ á wọn hóró kọfí tirẹ̀, á fi ọwọ́ yí ẹ̀rọ ìlọta kékeré kan, ìyá á da omi lé e nínú asẹ́. Kò sí ẹni tó ń wo ẹ̀yìn bóyá ọkọ̀ ti fẹ́ lọ. Ọkùnrin kan ń ka ìwé ìròyìn, ìyàwó ilé kan ń fún ọmọ lọ́mú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì ń jiyàn lórí bọ́ọ̀lù. Mo mu ife kan láìfi ṣúgà sí i, ìyẹn sì ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ pé kọfí ilẹ̀ wa lè dùn báyẹn. Mo bẹ ìyá náà kó jẹ́ kí n dúró ti òun kí n máa wo ọwọ́ rẹ̀. Kò kọ̀. Ọlọ́run á bá mi san oore náà fún un.

Mo ro ọ̀rọ̀ náà láti Móníyà títí dé Èkó. Ohun tó jẹ́ kí ara gbogbo wọn balẹ̀ ni pé ọkọ̀ ojú irin ní aago. Ó ti wà lára tíkẹ́ẹ̀tì rẹ kí o tó kúrò nílé. Tí o bá tètè dé, o mọ iye ìṣẹ́jú tó kù fún ọ. Àwa kò ní irú rẹ̀. Ọdún 1901 ni ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn, ó gba Òṣogbo kọjá, ó forí lé Ìlọrin, ó fi tiwa sílẹ̀ lápá ọ̀tún. Tuntun tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹfà 2021 náà, kìlómítà 157 ni, láti Èkó sí Ìbàdàn. Títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, Garáàjì Iléṣà ni ibùdó tiwa, "ó ku ẹnì kan" sì ni aago tiwa. Ẹnì kan yẹn lè dé nísinsìnyí, ó sì lè di wákàtí kan. Ibi tí wàhálà ṣọ́ọ̀bù wa wà gan-an nìyẹn: kọfí ní iye ìṣẹ́jú tirẹ̀, ọkọ̀ kò ní.

Síbẹ̀, mi ò lè padà sí fúláàsì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń lọ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn fún yín.

Kàbà ni hóró kọfí wa ti ń wá, ó ń gba Ìkàrẹ́ àti Ọ̀wọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Oríṣi méjì ni kọfí tó wọ́pọ̀ jù láyé. Àrábíkà fẹ́ orí òkè tó tutù, òun ni wọ́n ń gbìn lórí òkè Mambilla ní Tàrábà. Ròbọ́sítà kò kọ ilẹ̀ pẹrẹsẹ àti oòrùn, òun la ń lò. Káfíìnì inú rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń la ojú yẹn, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àrábíkà. Ìdí nìyẹn tí àwọn awakọ̀ fi fẹ́ràn rẹ̀. (Ẹ̀yin tí ẹ lóyún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ fún mi kí n bu ìdajì fún yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀yin tí dókítà ti bá sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru.) Ṣùgbọ́n ó korò ju àrábíkà lọ, tí ẹ bá sì yan án jù, èédú lẹ ó máa mu.

Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo ń yan án nínú agbada. Àwọ̀ ewé ló máa ń ní tẹ́lẹ̀. Á kọ́kọ́ pọ́n bí àgbàdo gbígbẹ, á máa rùn bíi koríko tí oòrùn pa, lẹ́yìn náà bíi búrẹ́dì inú ààrò. Tó bá yá, á bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàù-pàù bíi gúgúrú. Ibẹ̀ ni mi ò ti ń gbójú kúrò lára rẹ̀ rárá, torí láàárín kí ó dára àti kí ó jóná, ìṣẹ́jú méjì péré ni. Mo ń dà á sórí atẹ, mo ń fẹ́ ẹ tútù, mo ń fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì kí atẹ́gùn inú rẹ̀ lè jáde díẹ̀. Títí dé ibí, ẹ ò tíì dé ṣọ́ọ̀bù, kò sí ìkankan nínú rẹ̀ tó ń jẹ nínú àkókò yín. Lílọ̀ ló kù. Ẹni tó bá mọ ẹ̀gúsí mọ̀ pé èyí tí a lọ̀ lánàá kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí a lọ̀ lónìí. Ti kọfí tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: bó bá ti di ìyẹ̀fun ni òórùn rẹ̀ ń sá. Mo wá ń lọ gíráàmù 15 fún ife kan, mo ń jẹ́ kí omi hó kí n tó gbé e kúrò lórí iná fún bí ìdajì ìṣẹ́jú, torí omi tó ń hó kutukutu máa ń fa ìkorò jáde. Mo ń da díẹ̀ lé e kó lè rin, ẹ̀yin náà ti rí i bó ṣe máa ń wú tó ń yọ fóòmù. Lẹ́yìn náà ni mo ń rọ ìyókù lé e díẹ̀díẹ̀. Mo ti gbìyànjú láti dín in kù sí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Omi ràdàràdà ló jáde.

Ọ̀rọ̀ owó wá kàn. Náírà 700 ni ife kan títí di ìparí oṣù tó kọjá, ó ti di 1,000. Ẹ ti mọ ti epo mọ́tò láti ìgbà tí ìrànwọ́ orí rẹ̀ ti lọ ní oṣù karùn-ún 2023, ẹ sì mọ ti gáàsì àti mílíìkì. Mi ò ní fi ìyẹn da ẹnikẹ́ni láàmú. Hóró kọfí fúnra rẹ̀ ló fa èyí tó pọ̀ jù. Vietnam ni orílẹ̀-èdè tó ń kó ròbọ́sítà jáde jù lọ láyé. Ọ̀dá dá wọn níbẹ̀, nígbà tó sì di 2024 owó rẹ̀ lọ́jà àgbáyé ti gun òkè débi tí kò tíì dé láti ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó ń rà á kó lọ sókè òkun kò fojú fo Kàbà. Iye tí wọ́n bá dá lé e, òun ni àgbẹ̀ á ní kí èmi náà san.

N kì í bá àgbẹ̀ náà dúnàá-dúrà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀. Bàbá mi àgbà ní oko kòkó lọ́nà Ìdànrè, igi kọfí sì wà létí oko náà ní ìlà méjì. Nígbà tí àdéhùn tó ń di owó kọfí mú lọ́jà àgbáyé túká ní 1989, owó rẹ̀ wó lulẹ̀. Ohun tí wọ́n ń rí lórí rẹ̀ kò tó owó alágbàṣe tó ń já a. Bàbá fi àdá gé wọn lulẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kéré nígbà náà, èmi ni mo ń wọ́ ẹ̀ka wọn lọ síbi ìdáná. Tí mo bá gbọ́ lónìí pé àgbẹ̀ kan ní Kàbà tún ń gbin igi kọfí tuntun, inú mi ń dùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá kan nínú náírà 300 tí mo fi lé owó ife kan ló ń gbà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ FUTA àti ẹ̀yin agùnbánirọ̀, ife kékeré wà fún yín ní 600. Hóró kan náà ni.

Ohun tí a ti ṣe nìyí, kí irú ti ìyá Iléṣà má bàa ṣẹlẹ̀ mọ́. Tí ẹ bá wọlé, ẹ kọ́kọ́ sọ ibi tí ẹ ń lọ kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ fẹ́ mu. Mo ti lọ bá àwọn agbèrò jókòó, a sì ti fẹnu kò: tí ọkọ̀ ẹnikẹ́ni tó wà lọ́dọ̀ wa bá ti ku ẹni mẹ́rin, wọ́n á rán ọmọdé kan wá sọ fún wa. Tí ẹni mẹ́rin bá ti kù kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kọfí yín, n kò ní gba owó lọ́wọ́ yín. Màá bẹ̀ yín pé kí ẹ mu tíì. Ní ilẹ̀ wa gbogbo ohun gbígbóná inú ife la ń pè ní tíì, gbogbo rẹ̀ ló sì wà: Milo, Bournvita, Lipton, pẹ̀lú búrẹ́dì àti ẹyin díndín. Owó wọn kò yí padà, wọn ò sì gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ̀yin tó ń wọ Sienna, tíì ni kí ẹ kúkú máa mu, torí mọ́tò yẹn kì í pẹ́ kún.

Ẹni tó bá ní ife onídèérí, kó mú un wá, a ó rọ ọ́ sínú rẹ̀. Ẹ má ní kí n rọ ọ́ sínú ọ̀rá. Mo mọ̀ pé a ń fi ọ̀rá gbé ògì, ṣùgbọ́n kọfí gbígbóná inú ọ̀rá lórí ẹsẹ̀ èèyàn láàárín Ìgbàrà-Òkè sí Ọ̀wẹnà, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin ará àdúgbò tí ẹ ò rìnrìn-àjò, ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà tó ń sinmi díẹ̀ kí ẹ tó ná ọjà, lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án ni ibẹ̀ máa ń tutù. A ti fi bẹ́ǹṣì méjì kún un lábẹ́ ìbòòji. Ife kan lẹ rà, ẹ jókòó títí tó bá wù yín. Kò sí ẹni tó máa wò yín níwòkuwò.

Owó ìyá Iléṣà wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, mo fi í sínú àpòòwé, mo kọ "ìyá ìkókó, gèlè búlúù" sí i lára. Mi ò mọ orúkọ wọn. Tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ̀ wọ́n, tàbí tó jẹ́ ẹni tó júwe wa fún wọn, ẹ bá mi sọ fún wọn pé owó wọn wà nílẹ̀, kọfí wọn náà sì wà nílẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Tí wọ́n bá ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ọmọ wọn, ọkọ̀ Iléṣà á já wọn sílẹ̀ ní iwájú wa gan-an, wọn ò sì ní ní ibì kankan tí wọ́n ń sáré lọ. Aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀ la ń ṣí, aago méje alẹ́ la ń tì.

Èmi ni tiyín,
Oníkọfí ẹ̀gbẹ́ Garáàjì Iléṣà, Àkúrẹ́