Báà mẹ́ta ti tó ìwádìí ṣe

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè kí n bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń ka ìwé yín sọ̀rọ̀, àwọn tó fẹ́ gba oyè másítà nínú ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń kọ́ni ní píánò. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọdé àti àgbà ní píánò, mo sì máa ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì yẹ àkọlé ìwádìí wò. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ọmọ tó mọ orin dunjú tó ń bá àkọlé tí kò ṣeé ṣe jìjàkadì.

“Ipa píánò lórí ọpọlọ ọmọdé.” Mo ti rí àkọlé yìí rí, mo ti rí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀. Ọmọ mélòó lẹ ó wò? Fún ọdún mélòó? Ọmọ tó ń kọ́ píánò sábà máa ń ní òbí tó rí owó ná, tó sì ń jókòó tì í nídìí ìwé. Bí ọmọ náà bá wá mọ̀wé, ṣé píánò la ó yìn ni àbí òbí? Akẹ́kọ̀ọ́ másítà kò ní àkókò tó lè fi tú kókó yẹn.

Ní 1993, K. Anders Ericsson, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ṣírò wákàtí ìfikọ́ra. Nígbà tí àwọn ọ̀jáfáfá nídìí píánò fi máa pé ọmọ ọdún 18, wọ́n ti lò ju wákàtí 7,000 lọ. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn atẹpíánò náà rántí fúnra wọn ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀, kò sì sọ ohun tí ìka ń ṣe nínú wákàtí kọ̀ọ̀kan.

Ìwádìí kékeré kan ló wá wo inú wákàtí ìfikọ́ra yẹn gan-an. Robert Duke, Amy Simmons àti Carla Davis Cash gbé e jáde ní 2009. Báà mẹ́ta péré, ìyẹn ìpín kéékèèké tí ilà máa ń yà sọ́tọ̀ nínú ìwé orin, ni wọ́n mú nínú kọnsẹ́ẹ̀tò píánò àkọ́kọ́ (orin tí píánò àti ẹgbẹ́ olóhun-èlò jọ ń kọ) tí Shostakovich, ará Rọ́ṣíà, kọ. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ píánò 17 fi kọ́ra títí yóò fi tẹ́ wọn lọ́rùn, kí wọ́n padà wá tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Iye ìṣẹ́jú kọ́ ló yà wọ́n sọ́tọ̀, iye àtẹ̀túntẹ̀ náà kọ́. Àwọn tó ta yọ ni àwọn tó tètè rí ibi tí àṣìṣe wà gan-an, tí wọ́n rọra ń tẹ ibẹ̀, tí wọn ò sì kúrò títí ó fi tọ́. Ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ àti etí tó mú ló gba iṣẹ́ yẹn. Mo máa ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá wá bá mi.

Ìwádìí tí John Sloboda gbé jáde ní 1974 náà rí bẹ́ẹ̀. Bí atẹpíánò ṣe ń ka orin lọ, Sloboda mú kí orin náà pòórá níwájú rẹ̀ lójijì, ó sì ka iye ohùn tí atẹpíánò náà ṣì lè tẹ̀. Àwọn tó mọ orin kà dáadáa lè tẹ̀ tó méje, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kà tó bẹ́ẹ̀ kò ju mẹ́ta sí mẹ́rin lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún fífi ọ̀nà ìkọ́ni méjì wéra nígbà tó jẹ́ ẹ̀yin kan náà lẹ ó fi méjèèjì kọ́ni. Èyí tí ẹ fẹ́ràn ni yóò borí. Ẹni tó sì fẹ́ mọ ìdí tí ọmọ fi ń pa píánò tì, kó rántí pé àwọn tó ti pa á tì kò sí ní kíláàsì mọ́. Àwọn gan-an ló sì yẹ kó wá rí.

Tí ọmọdé bá wà nínú ìwádìí yín, ẹ tètè tọrọ ìyọ̀ǹda òbí àti ti ọmọ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tiyín kì í lè sọ fún yín pé òun ò ṣe, nítorí náà, ẹ wá ọmọ ẹlòmíì.

Kí ẹ tó kọ àkọlé sílẹ̀, ẹ lọ jókòó ti olùkọ́ kan níbi tó ti ń kọ́ni. Ẹ wo ìgbà tí ọmọ gbójú kúrò lára ìwé, ẹ wo ohun tí olùkọ́ sọ àti ohun tí ìka ọmọ ṣe tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá fẹ́ lè wá sí kíláàsì tèmi, bí àwọn òbí bá ti fọwọ́ sí i.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ píánò