Ẹfun tó o ní kí n bá ẹ rà

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Mo gbọ́ ohùn tó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láàárọ̀, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ìwọ tó o máa ń sá fún agbálùmọ̀ ní kékeré pé ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ lẹ́nu, ìwọ náà lo wá ń wá a kiri Peckham ní London báyìí. Oyún nìyẹn. Tìẹ tiẹ̀ sàn, nígbà tí mo lóyún ẹ̀gbọ́n ẹ, bọ̀ọ̀lì tó bá jóná ni mo ń fẹ́, bàbá yín á jáde lálẹ́ lọ sídìí bọ̀ọ̀lì ní Mọ́kọ́lá, tó bá ra èyí tó pọ́n dáadáa wálé, ẹkún ni màá fi ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹfun tó o ní kí n rà lọ́wọ́ lẹ́kùlẹ́jà yẹn, mi ò ní fi ránṣẹ́ o, má bínú. Má sì lọ rà á ní ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa níbẹ̀ náà. Mo mọ bó ṣe ń ṣeni, òórùn ẹ̀ nìkan, bí ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ gbígbẹ, ó máa ń dá èèyàn lọ́fun tòló. Oyún ìwọ gan-an ni mo fi jẹ ẹ́, màá kó o sábẹ́ ìrọ̀rí kí ìyá bàbá yín má baà rí i. Nígbà tó pé oṣù méje wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, PCV mi, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara, jẹ́ 24 péré, nọ́ọ̀sì ní màmá, kí lẹ̀ ń jẹ? Mo ní ìrẹsì. Ó wo èékánná mi tí ẹfun ṣì fún mọ́ lábẹ́, kò sọ nǹkan kan mọ́.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló yé mi pé tí ilẹ̀, ẹfun àbí yìnyín bá ń wu aboyún jẹ ṣáá, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló kéré lára ẹ̀. Ẹfun ọ̀hún ò sì lè fún un lẹ́jẹ̀, ńṣe ló tún ń dí èròjà irin inú oúnjẹ lọ́nà kó má wọ ara. Èyí tó burú jù ni òjé (lead) tó máa ń wà nínú ẹ̀, òjé yẹn ń tara ìyá dé ara ọmọ, ọpọlọ ọmọ ló ń bà jẹ́, ìjọba ibẹ̀ gan-an ti kìlọ̀ fáwọn aboyún nípa ẹ̀. Torí náà sọ fún agbẹ̀bí ẹ pé ẹfun ń wù ẹ́ jẹ, má tijú, wọ́n ti gbọ́ ọ rí, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ wò. Tí wọ́n bá fún ẹ ní oògùn ẹ̀jẹ̀, omi ọsàn ni kó o fi gbé e mì, tíì àti mílíìkì kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́ dáadáa. Mọ́ọ̀tì àti mílíìkì tí àǹtí ẹ ní kó o máa pò mu kẹ́jẹ̀ lè pọ̀ ńkọ́? Gbogbo wa la mu ún, ṣúgà ló pọ̀ níbẹ̀ (má bá a jà o, ṣáà dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀).

Èmi ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni gúgúrú àti ẹ̀pà, torí mo ṣàkíyèsí pé ohun tó ń ró lẹ́nu ni mo ń wá, tí ebi bá sì ti pa mí jù ni ẹfun ń pè mí, mi ò wá jẹ́ kí inú mi ṣófo mọ́.

Agbálùmọ̀ ní tiẹ̀, máa jẹ ẹ́. Tí àmàlà bá wù ẹ́ láago méjì òru, kí ọkọ ẹ dìde rò ó. Ṣùgbọ́n kẹ́nikẹ́ni má sọ fún ẹ pé o gbọ́dọ̀ máa jẹun èèyàn méjì, àwọn oníṣègùn yín níbẹ̀ ní ara ò bèèrè àfikún kankan ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, mẹ́ta tó kẹ́yìn náà ò sì ju bíi búrẹ́dì ẹ̀là méjì lójúmọ́.

Pè mí tó o bá ti dé láti ọsibítù, kó o sọ iye tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ẹ jẹ́ gan-an. Má sọ fún mi pé ìrẹsì lò ń jẹ.

Màmá ẹ