Bọ̀dé, Líbátì ni, kì í ṣe Adámásìngbà

Bọ̀dé ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta, o kú òtútù Kánádà. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Gbogbo ilé ní kí n kí ọ.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, níbi tí o ti ń pìtàn fún Dámọ́lá pé pápá Adámásìngbà ni Sooting, ìyẹn Shooting Stars, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn wa, ti na Tonnerre ti Kamẹrúùnù ní 1976. Mo rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n mi ò lè máa wò ọ́ níran kó o fi irọ́ tọ́ ọmọ. 1988 ni wọ́n ṣí Adámásìngbà! Líbátì la ti gbá a, pápá tí ìjọba Awólọ́wọ̀ kọ́, tí wọ́n ṣí ní 1960, tó ti wá ń jẹ́ orúkọ Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀. 4-1 la nà wọ́n níbẹ̀, àti Roger Milla wọn. Nígbà tá a dé Yaoundé, 1-0 péré ni wọ́n rí san padà. Bí ife African Cup Winners' Cup ṣe di tiwa nìyẹn, àkọ́kọ́ irú ẹ̀ tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà kan máa gbà nílẹ̀ Áfíríkà.

Mo mọ ohun tó da ọ̀rọ̀ rú mọ́ ọ lójú. Ìwọ àtèmi ò tíì dáyé nígbà náà, ẹnu bàbá rẹ la ti gbọ́ ọ. Ibo la sì jókòó sí? Orí sìmẹ́ǹtì Adámásìngbà, oòrùn ń pa wá, ẹ̀pà wà lọ́wọ́ wa. Bàbá á nawọ́ sí apá ọ̀tún pápá bíi pé Odégbàmí, agbábọ́ọ̀lù Sooting, ṣì ń sáré bọ̀ níbẹ̀, á ní Múdà Lawal ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé bọ́ọ̀lù fún un. Èmi náà, bí mo bá di ojú, Adámásìngbà ni mò ń rí.

Ọ̀rọ̀ Zamalek ti Íjíbítì, tó gba ife Champions Cup mọ́ wa lọ́wọ́ ní 1984, tó tún fi pẹ̀nátì gbà á ní 1996, fi ìyẹn sílẹ̀ títí Dámọ́lá á fi dàgbà.

Mo lọ wo Sooting ní Adámásìngbà lọ́jọ́ Sunday tó kọjá. Mo fẹsẹ̀ rìn wálẹ̀ láti Mọ́kọ́lá bí a ti máa ń ṣe. Wọ́n ti sọ orúkọ pápá náà di Lékan Sàlámì tipẹ́, wọ́n sì ti tún un ṣe, àmọ́ bó o bá sọ fún ọlọ́kadà pé Lékan Sàlámì lò ń lọ, á kọ́kọ́ wò ọ́ lójú ná. A ta ọ̀mì. Bàbá àgbàlagbà kan lẹ́yìn mi bú kóòṣì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kó tó jáde.

Ohun kan kù. Mo gbọ́ Dámọ́lá lẹ́yìn rẹ tó ń pè é ní "Shooting", ahọ́n mọ́ tónítóní. Jọ̀ọ́, kọ́ ọ ní "Sooting" bí àwa ará Ìbàdàn ṣe ń pè é, kẹ́ ẹ tó wálé ní Kérésìmesì. Bó bá pariwo "Ọ́ọ̀pù Shooting" níbi tá a máa ń jókòó sí, wọ́n á bi í pé ìlú wo ló ti wá.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ,
Jídé