Lẹ́tà sí Bàbá àti Ìyá l'Ógbómọ̀ṣọ́ lórí orúkọ ọmọ tuntun

Bàbá mi, Ìyá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, a sì kú oríire ọmọ tuntun. Mo mọ̀ pé Àǹtí ló máa ka èyí fún yín lórí fóònù, Àǹtí ẹ jọ̀ọ́ ẹ rọra kà á, ẹ má fo ibì kankan, pàápàá ibi tí mo bá ti dárúkọ Bùrọ̀dá, torí mi ò bá wọn jà o, ọ̀rọ̀ ló kún inú mi tí mo fẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́.

Ara ìyàwó mi ti ń mókun. Ọmọ ń mu ọyàn dáadáa. Ọjọ́ Jímọ̀ ló dé, ẹsẹ̀ ló sì fi ṣáájú. Àwọn dókítà ti rí i tẹ́lẹ̀ nínú àwòrán pé kò yí orí sísàlẹ̀, wọ́n bi wá bóyá ká ṣe iṣẹ́ abẹ, ìyàwó mi ní tí kò bá ti séwu òun á bí i fúnra òun, àwọn agbẹ̀bí tó mọ̀ ọ́n gbà sì wà nílé ìwòsàn náà, bí wọ́n ṣe gbà á nìyẹn, ẹsẹ̀ kọ́kọ́ yọ, ìdí tẹ̀ lé e, orí ló gbẹ̀yìn. Mo wà níbẹ̀. Kí n tó lanu ìyàwó mi ti ní, "Ìgè ni." Ṣé ẹ rí i, orúkọ tọ̀run wá, a ò tíì ṣí ìwé kankan.

Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀, àmọ́ mo rí ohun tí Bùrọ̀dá kọ sórí Wátsáàpù ilé. Wọ́n ní Ìgè ti di orúkọ ayé àtijọ́, àwọn òyìnbó ò ní lè pè é, kí n wá orúkọ kúkúrú tó fúyẹ́ lẹ́nu, wọ́n wá to Emma, Mia, Sophia kalẹ̀. Wọ́n tún ní tí mo bá dé ibi orúkọ ìdílé nínú fọ́ọ̀mù kí n yọ Ògún kúrò, kí n fi Olú rọ́pò ẹ̀ bíi tiwọn, kí ọmọ má bàa gbé orúkọ òrìṣà kiri òkèèrè. Ìyá mi, ẹ̀yin ní ohun tó bá tẹ́ wa lọ́rùn. Kò tẹ́ mi lọ́rùn o. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ, mo sì wo ilé wa títí, mi ò rí Emma níbẹ̀.

Kì í ṣe pé Emma burú. Gbòǹgbò ẹ̀ nínú èdè Jámánì àtijọ́ ni ohun tó pé, odidi. Sophia, ọgbọ́n ni l'édè Gíríìkì. Àwọn tó ni ín ló wo ilé tiwọn kí wọ́n tó sọ ọ́. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nígbà tí mo ń wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn ará Róòmù náà ní Ìgè tiwọn. Pliny, ọ̀mọ̀wé Róòmù kan láyé ijọ́un, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ tó bá fẹsẹ̀ wáyé ni wọ́n ń pè ní Agrippa, ó ní ìnira ìbí ẹ̀ ló bí orúkọ náà. Marcus Agrippa tó darí ọkọ̀ ojú omi ogun Késárì Ọ̀gọ́sítù ní Actium, ní ọdún 31 ṣáájú ìbí Jésù, Pliny ní bí wọ́n ṣe bí òun náà nìyẹn. Ọba Hẹ́rọ́dù Agrippa jogún orúkọ yẹn lára ẹ̀, ọmọ Hẹ́rọ́dù yìí náà sì jẹ́ ẹ. Bàbá, ẹ̀yin díákónì, ọmọ yẹn ni Pọ́ọ̀lù dúró níwájú ẹ̀ nínú Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí 26, tó ní díẹ̀ ló kù kí Pọ́ọ̀lù sọ òun di Kristẹni. Ìgè ni ẹ ti ń kà nínú Bíbélì láti kékeré yín.

Tí a bá sì ti wọ inú Bíbélì, ká má tíì jáde. Jákọ́bù, torí pé ó di gìgísẹ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ mú nígbà tí wọ́n ń bí wọn ni, kí lèyí bí kò ṣe àmútọ̀runwá? Ísáákì, ẹ̀rín tí Sárà rín ni. Mósè, torí pé wọ́n fà á jáde nínú omi. Rákẹ́lì ń kú lọ lórí ìkúnlẹ̀, ó pe ọmọ ẹ̀ ní Bẹnóní, ọmọ ìbànújẹ́ mi, bàbá ọmọ kọ̀, ó ní Bẹ́ńjámínì ni, ọmọ ọwọ́ ọ̀tún mi, bí bàbá àti ìyá ṣe máa ń jiyàn orúkọ nílé wa gan-an. Tọ́másì ńkọ́? Ìbejì ni l'édè Árámáíìkì, Dídímù tí wọ́n fi kún un nínú Jòhánù, ìbejì náà ni l'édè Gíríìkì. Ká wá gba Tọ́másì níwájú pẹpẹ ká ní Táíwò ò bá ìgbàgbọ́ mu, kò yé mi.

Ẹ mọ̀ pé ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Hamburg, ní Jámánì níbí. Orúkọ àwọn màmá yìí, orúkọ jagunjagun ni. Hildegard, hild ni ogun, gard ni ọgbà tàbí ààbò. Gertrud, ọ̀kọ̀ àti agbára. Bàbá kan ń jẹ́ Wolfgang, ìkookò wà nínú ẹ̀, ìrìn náà wà nínú ẹ̀. Orúkọ Akin àti Jagun tiwọn nìyẹn. Mo wá bi Màmá Hildegard kí lorúkọ wọn túmọ̀ sí, wọ́n ní àwọn ò mọ̀, orúkọ ìyá-ìyá àwọn ni. Mo sọ fún wọn. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ní kí n tún un sọ. Bàbá mi, ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn, èyí tó ń gbé mi dìde lóru láti kọ lẹ́tà yìí. Orúkọ yẹn ní ìtàn tẹ́lẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n ò sọ ọ́ mọ́, ó kù bí ariwo lásán tí a fi ń pe èèyàn wá jẹun. Tiwa ṣì ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ Abíọ́nà mọ̀ pé ojú ọ̀nà ni wọ́n bí i sí, ẹni tó gbọ́ Ẹkúndayọ̀ mọ̀ pé wọ́n ti sunkún nílé yẹn rí, kò ní lọ wo ìwé kankan.

Bàbá ará Túrkì kan náà wà lọ́dọ̀ wa, ara àwọn tó wá ṣiṣẹ́ lẹ́yìn àdéhùn ọdún 1961 tí Jámánì àti Túrkì jọ ṣe. Dursun ni wọ́n ń jẹ́. Mo rò pé orúkọ lásán ni, àfi ìgbà tí ọmọ wọn ṣàlàyé fún mi pé "kó dúró" ni, pé àwọn ọmọ tí ìyá wọn bí ṣáájú ò dúró. Omi bọ́ lójú mi. Àbíkú ni, ẹ̀yin èèyàn mi! Dúrójayé ni wọ́n, Málọmọ́ ni wọ́n, ní ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti gbọ́ Yorùbá rí. Wọ́n tún ní Yaşar, tí í ṣe "ó ń gbé láyé". Àwọn Hausa ní Ajuji, ààtàn, wọ́n á ṣe bí ẹni gbé ọmọ jù síbẹ̀ kí ikú má bàa fẹ́ ẹ, àwa náà ní Akísàátán, àkísà tí a ó fi sin ín ti tán. Àwọn Júù tó ń sọ Yídíìṣì a máa pe ọmọ ìkókó ní Alter, àgbàlagbà, kí ikú lè rò pé arúgbó lòun rí kó sì kọjá lọ. Ìyá kan náà ló ń sunkún ní gbogbo ibi wọ̀nyí.

Ó kan ọ̀rọ̀ Ògún o. Bùrọ̀dá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ẹ̀yin lẹ san owó iléèwé mi. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́. Orúkọ ìdílé tó pọ̀ jù ní Jámánì ni Müller, ẹni tó ń lọ ọkà, Schmidt ni alágbẹ̀dẹ, Weber ni ahunṣọ. Bàbá ńlá wa rọ irin, a ń jẹ́ Ògún, Schmidt tiwa ni, ibo lẹ̀ṣẹ̀ wà níbẹ̀? Tó bá sì jẹ́ torí pé òrìṣà ni, Martin Luther tó dá àtúnṣe ìjọ sílẹ̀, tí gbogbo àwa Pùròtẹ́sítáǹtì ń bọ̀wọ̀ fún, Martin jáde láti ara Mars, òrìṣà ogun àwọn ará Róòmù. Ọjọ́ kọkànlá oṣù kọkànlá 1483 ni wọ́n ṣèrìbọmi fún un, ọjọ́ àjọ̀dún Martin mímọ́, ìyẹn ni wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò yọ Mars kúrò. Ọjọ́bọ̀ níbí, Donnerstag ni, ọjọ́ àrá, ti Donar òrìṣà àrá wọn, bí ọjọ́ Jàkúta ṣe jẹ́ ti Ṣàngó, pásítọ̀ wọn ń fi ọjọ́ náà ṣe ìpàdé àdúrà. Àti pé tí a bá yọ Ògún kúrò, kí la fẹ́ máa pe Ṣọ̀ún Ògúnlọlá, ọdẹ tó gbé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ wá tí ìlú wa fi ń jẹ́ Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́? Olúlọlá?

Ìjọ Bàtísí wa yìí gan-an ló ní Mọ́jọlá Agbébì. David Brown Vincent ni wọ́n ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, pásítọ̀ ni wọ́n, ní 1894 ni wọ́n yọ gbogbo ẹ̀ kúrò tí wọ́n gba orúkọ Yorùbá, wọn ò sì fi ìwàásù sílẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún o, àwa ló tún wá ń padà sẹ́yìn.

Ẹ sọ fún Bàbá Kọ́fí pé ọmọ wa di ẹnìkejì wọn. Ará Kumasi ní Gánà kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ti ń pe ọmọ ní Afua, torí ní ìlú wọn obìnrin tó bá wáyé lọ́jọ́ Jímọ̀ Afua ni, ọkùnrin ni Kofi. Mo wá rántí pé Tamale ni wọ́n bí Bàbá Kọ́fí sí kí ìjọba Busia tó pàṣẹ ní 18 oṣù kọkànlá 1969 pé kí àlejò tí ò ní ìwé kúrò ní Gánà láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, tí ìdajì àdúgbò wa fi di ẹrù padà sílé. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, wọ́n gbé Kọ́fí bọ̀, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ l'Ọ́jà Igbó títí dòní. Orúkọ Jímọ̀h tí ọba wa Ajagungbadé Kẹta tó wàjà ní 2021 jẹ́, ọjọ́ Jímọ̀ kan náà ni, láti ara Lárúbáwá. Mo ti gbà kí ará Kumasi yẹn máa pe ọmọ ní Afua.

Ó yá, ohun tí mo fẹ́. Ilé ìwòsàn máa fi ìbí tó ọ́fíìsì ìjọba létí láàrin ọ̀sẹ̀ kan, àmọ́ orúkọ lè dúró tó oṣù kan, nítorí náà kò sí ìkánjú, kò sì sí àwáwí pé àyè ò sí. Ìgè máa wà níwájú, orúkọ ìdílé máa wà bó ṣe wà nínú páásípọ́ọ̀tù mi. Bàbá, ẹ fún un ní orúkọ tiyín, kí ẹ sì sọ ìdí ẹ̀, gbogbo ìdí ẹ̀. Ìyá, mo mọ̀ pé Ìgè ní Àdùbí, ṣé ìyẹn tó fún oríkì tàbí ilé tún máa fi Àṣàkẹ́ tàbí Àwẹ̀ró kún un? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ki oríkì ìdílé náà láti òkè délẹ̀, kí Àǹtí gbà á sínú fóònù, ẹ má yára, kódà tí ẹ bá fi orin sí i kò burú, màá máa fi gbé e sùn.

Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni ọjọ́ kẹjọ, a ti rí oyin rà níbí, a máa pè yín lórí fídíò ní aago mẹ́wàá àárọ̀ tiyín. Owó ìrẹsì àti epo ti wọ àkáǹtì Àǹtí láàárọ̀ yìí. Bùrọ̀dá, ẹ̀yin lẹ máa gbàdúrà ìkẹyìn, mi ò ní gba kí ẹlòmíì ṣe é.

Èmi ọmọ yín ní Hamburg.