Ojú ọ̀run kò ṣófo o: mànàmáná ń gbabẹ̀ kọjá

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka ojú ewé sáyẹ́ǹsì yín lórí mànàmáná. Ẹ ṣàlàyé bí ìkùukùu ṣe ń kó iná jọ, ó sì yé mi yékéyéké. Àmọ́ ẹ ní bí mànàmáná bá ti kan ilẹ̀, ó parí nìyẹn, àti pé òfìfo ló wà lókè afẹ́fẹ́. Olùkọ́ físíìsì tó ti fẹ̀yìn tì ni mí nílùú Ìbàdàn, mi ò lè jẹ́ kí èyí lọ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá ń gbọ́ rédíò lásìkò òjò mọ ariwo ṣá-ṣá tó máa ń gé ọ̀rọ̀ mọ́ asọ̀ròyìn lẹ́nu. Ìgbì rédíò tí mànàmáná rán jáde nìyẹn. Díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń gòkè bọ́ sínú plasma tó wà lókè afẹ́fẹ́, ìyẹn gáàsì tí ìtànṣán oòrùn ti gba electron (èérún tíntín tó ń gbé iná) lára átọ́ọ̀mù rẹ̀. Níbẹ̀, ipa agbára mágínẹ́ẹ̀tì ayé ló ń tọ̀: á gbéra láti ìhà àríwá, á ròkè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà, á tẹ̀ kọrọdọ, á sì sọ̀kalẹ̀ sí ìhà gúúsù. Nígbà mìíràn, á tún padà síbi tó ti wá.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Heinrich Barkhausen, ará Jámánì, ń yọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ tẹlifóònù àwọn ọ̀tá. Súfèé kan ń wọlé, fííìùùù, láti ohùn òkè wá sí ohùn ìsàlẹ̀. Àwọn sójà ní àdó olóró ló ń fò. Ó kọ ọ́ jáde ní 1919, ṣùgbọ́n 1953 ni L. R. O. Storey ní Yunifásítì Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó túdìí rẹ̀ dáadáa: ìgbì rédíò mànàmáná yẹn gan-an ni súfèé náà. Nínú plasma, ohùn òkè ń yára ju ohùn ìsàlẹ̀ lọ. Gbogbo wọn jọ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà bí àwọn ọmọ tó ń sáré ìje, ṣùgbọ́n wọn kì í jọ dé. Bí electron bá ṣe pọ̀ tó lójú ọ̀nà ni súfèé náà ṣe ń fà gùn tó. Storey wọn bó ṣe fà gùn, ó sì rí i pé electron tó wà lókè lọ́hùn-ún pọ̀ ju bí àwọn onímọ̀ ṣe rò lọ. Sputnik, sátẹ́láìtì àkọ́kọ́, kò tíì gbéra nígbà náà o, 1957 ló lọ! Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń wú mi lórí títí dòní.

Àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń bi mí bóyá a lè gbọ́ súfèé náà nílé. Ó ṣòro. Ìlà agbedeméjì ti mágínẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìlà tó pín mágínẹ́ẹ̀tì ayé sí àríwá àti gúúsù, gba apá òkè Nàìjíríà kọjá, nítorí náà ipa agbára náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn gbalaja lórí Ìbàdàn, kò lè gbé ìgbì ròkè lọ títí. Mànàmáná pọ̀ lọ́dọ̀ wa, súfèé ni kò sí. Ní Antarctica ẹ̀wẹ̀, ilẹ̀ yìnyín tó wà ní gúúsù ayé pátápátá, níbi tí mànàmáná ti ṣọ̀wọ́n gidigidi, àwọn onímọ̀ ní ibùdó Siple gbọ́ súfèé mànàmáná tó kọ ní Amẹ́ríkà ti Àríwá.

Àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò WAEC ń ka ojú ewé yẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ àtúnṣe náà síbẹ̀, kí ẹ sì ya àwòrán ipa agbára náà sí i.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn.