Ta Ni Yóò Máa Ṣọ́ Iléeṣẹ́ Iná Núkílíà?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ìkòròdú ni mo ń gbé, níbi tí iléeṣẹ́ Egbin ti ń fi gáàsì pèsè iná mànàmáná létí ọ̀sà. Nítorí náà, nígbàkígbà tí wọ́n bá ní kí Nàìjíríà kọ́ iléeṣẹ́ iná núkílíà, ohun tí mo máa ń bèèrè ni pé ta ni yóò máa ṣọ́ ọ.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2002, ní iléeṣẹ́ Davis-Besse ní ìpínlẹ̀ Ohio lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n rí i pé omi tí ásíìdì wà nínú rẹ̀ ti ń jò díẹ̀díẹ̀, tó sì ti jẹ irin tó nípọn ju íǹṣì 6 lọ lórí ìdérí ìkòkò núkílíà náà, ìyẹn ìkòkò irin ńlá tí núkílíà ti ń mú omi gbóná, débi pé awẹ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló kù tó ń dá omi gbígbóná inú rẹ̀ dúró. Kò bẹ́, a dúpẹ́. Ohun tó dùn mí jù ni pé àjọ alábòójútó núkílíà ní Amẹ́ríkà ti fẹ́ kí àyẹ̀wò wáyé kí ọdún 2001 tó parí, ṣùgbọ́n ó gbà kí iṣẹ́ máa lọ títí di oṣù Kejì ọdún 2002.

Òfin ọdún 1995 ti fún wa ní àjọ NNRA, àjọ tó ń ṣàbójútó ọ̀rọ̀ núkílíà ní Nàìjíríà. Mo rọ ìjọba pé kí wọ́n fún un ní agbára àti owó tí yóò fi lè ti iléeṣẹ́ pa láì wojú ẹnikẹ́ni, kí wọ́n sì máa gbé àbájáde àyẹ̀wò jáde ní èdè tí àwa ará àdúgbò gbọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùgbé Ìkòròdú